Ọmọ Àlejò Tó Ń Lé Àlejò

Dàpọ̀, sún mọ́ mi níbí. Má wulẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan. Mo gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ láàárọ̀. Nítorí pé obìnrin ẹlẹ́wà iwájú ilé ò ní ṣéńjì, o ní kó máa lọ sí Tògò wọn! Ẹnu tí o fi ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn, tí epo ata dúdú yẹn ṣì ń dán létè rẹ, lo fi lé ẹni tó sè é. Kò fèsì. Ó kàn ń fi ṣíbí igi rẹ̀ tẹ ẹ̀wà, ó doríkodò.

Bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Jókòó.

Kùmásí, nílẹ̀ Gáná, ni wọ́n bí èmi àti bàbá rẹ sí. Bàbá wa fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀, ó lọ ń ta aṣọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia kéde pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kúrò nílùú. Ọ̀sẹ̀ méjì, fún ẹni tó ti lo ogún ọdún! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo ń wò nígbà tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wa lọ lówó yẹpẹrẹ. Ìyá Àṣáńtì tó bá wa pààlà ló wá di kẹ́ńkẹ́ fún wa, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e, ó ń sunkún. A délé tán, àwọn ọmọ iléèwé tún ń pè wá ní "ọmọ Gáná", nítorí Yorùbá wa ò já gaara.

Ṣé a wá kọ́gbọ́n? Oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari náà fún àwọn àlejò ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ará Gáná tó lọ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, àlejò la wá di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ni ẹ ń pè ní "Ghana Must Go" títí dòní; inú rẹ̀ ni aṣọ ìwọ gan-an wà. Ṣé lílọ wọn tún ilé wa ṣe? Ọjọ́ tí ọdún yẹn parí ni sójà gbàjọba.

Obìnrin ẹlẹ́wà yìí ò sì yọ́ wọ̀lú. Àdéhùn ECOWAS tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1979 ní kí ọmọ Tògò lè wọlé, kó lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Ẹni tí ogun bá sì lé wá, bí àwọn ará Kamẹrúùnù tó sá wọ Ọgọ́jà, òfin ò gbà ká tì í padà sínú iná.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́, tó wà ní Kánádà? Ìwọ lo sọ fún mi pé ó sunkún lórí fóònù nígbà tí onílé kan rí àwọ̀ rẹ̀ tó ní yàrá ti tán. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà, ọkọ mi.

Torí náà, yàrá ìsàlẹ̀ tí o ní "àwọn Àgànyìn" yóò san ìlọ́po méjì fún, ó tán nìyẹn. Iye tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń san ni wọn yóò san. Owó oṣù ọmọ Kútọnu tó ń bá ìyàwó rẹ ṣiṣẹ́, ọwọ́ ọmọ náà ni kí ẹ máa kó o sí.

Lọ́la, mú ṣéńjì dání, kí o lọ bẹ ẹlẹ́wà yẹn. Tó bá ti gbẹ̀bẹ̀, béèrè orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti ń bọ́ ẹ láràárọ̀, Dàpọ̀. O ò mọ orúkọ rẹ̀.