Àpótí Jíà Alùpùpù Àtijọ́: Bí A Ti Í Tú U àti Bí A Ti Í Tò Ó Padà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ewé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan. Púpọ̀ nínú wa ni a ó rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ abúlé lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́, tàbí sí ààrin oko tí ó wà ní agbègbè Ìsẹ̀ àti Emùré, níbi tí ọkọ̀ kì í dé lójoojúmọ́. Alùpùpù ni ẹsẹ̀ olùkọ́ ní irú ibẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ tuntun. Bí ó bá kọ iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ yóò jókòó láìsí ẹni tí yóò kọ́ wọn. Bí jíà rẹ̀ bá sì yọ nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tí ọmọ ẹlòmíràn wà lẹ́yìn wa, ohun tí ó lè ti ibẹ̀ wá ju kí a pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a jùmọ̀ wo inú àpótí jíà, kí a mọ ohun tí ń bẹ níbẹ̀.

Alùpùpù tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Honda CG125, nítorí pé ojú gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n. Ọdún 1976 ni ilé-iṣẹ́ Honda ti ilẹ̀ Jàpáànì kọ́kọ́ gbé e jáde. Àwọn tí ó ṣe é mọ irú ilẹ̀ tí yóò ti ṣiṣẹ́: wọ́n mọ̀ pé níbi tí ọ̀nà kò ti dára, tí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ kì í sì í pààrọ̀ ọ́ìlì ní àsìkò, ẹ̀rọ ẹlẹgẹ́ kò ní pẹ́ kí ó tó kú. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi ọ̀pá irin méjì gbé fáàfù rẹ̀, dípò ṣéènì tí ń fẹ́ àmójútó. Ní 1979 a dá ilé-iṣẹ́ Honda sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, alùpùpù rẹ̀ sì tàn dé ìgbèríko wa.

Àwọn alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì ìgbà láéláé, bí BSA M20 tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gùn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní àpótí jíà tí ó dá dúró fún ara rẹ̀. A lè yọ ọ́ kúrò kí ẹ́ńjìnnì máa jókòó síbẹ̀. Ti CG125 kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì àti jíà ń gbé inú ilé kan náà, wọ́n sì ń mu ọ́ìlì kan náà. Ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ tú jíà rẹ̀, gbogbo ẹ́ńjìnnì ni yóò gbé sílẹ̀. Kí a fi èyí sọ́kàn kí a tó fọwọ́ kan sípánà.

Kí ni iṣẹ́ jíà gan-an? Ẹ wo ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà sọ pé láti ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti wá, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ní àyíká Olóṣùnta kò ní bá wọn jiyàn. Ẹ́ńjìnnì kékeré kò ní agbára àfi bí ó bá ń yí kíákíá, bẹ́ẹ̀ ni alùpùpù tí ń gun òkè pẹ̀lú àpò kòkó kò lè sáré. Jíà ni ó ń bá àwọn méjèèjì làjà. Bí kẹ̀kẹ́ eléyín 12 bá ń yí kẹ̀kẹ́ eléyín 36, ti ìṣáájú yóò yí lẹ́ẹ̀mẹta kí ti kejì tó yí lẹ́ẹ̀kan. Eré yóò di ìdá kan nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n agbára ìyípo yóò di ìlọ́po mẹ́ta. (Ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lè fi èyí ṣe àpẹẹrẹ, a gbà pé ó sàn ju ti ọsàn àti ìyá ọlọ́jà lọ, èyí tí ó ti sú wọn.)

Ohun tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé eyín àwọn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí kì í fi ara wọn sílẹ̀ rárá. Orí ọ̀pá méjì ni wọ́n wà, wọ́n wọnú ara wọn ní méjì méjì, wọ́n sì jọ ń yí. Ṣùgbọ́n nínú méjì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń yí lófo lórí ọ̀pá tirẹ̀. Nígbà tí a bá fi ẹsẹ̀ tẹ jíà, irin róbótó kan tí a gbẹ́ ojú ọ̀nà sí lára yóò yí díẹ̀. Àmúga irin yóò tọ ojú ọ̀nà náà, yóò ti kẹ̀kẹ́ kan sún mọ́ aládùúgbò rẹ̀, èékánná tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì wọ inú ihò tí ó wà lára èkejì. Nígbà náà ni èyí tí ń yí lófo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí igun àwọn èékánná náà bá ti jẹ, tí wọ́n sì rí bí ọṣẹ tí a ti lò, wọn kò ní lè di ara wọn mú mọ́. Ohun tí a ń pè ní jíà yíyọ nìyẹn.

Síbẹ̀síbẹ̀, èyí ni a fẹ́ tẹnu mọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ: ọ̀pọ̀ àìsàn tí a ń pè ní àìsàn jíà kò sí nínú àpótí jíà rárá. A ti rí alùpùpù tí a tú pátápátá nítorí wáyà kan tí ó le jù. Kí a wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì ná. Etí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì yẹ kí ó rìn lófo fún 10 sí 20 mìlímítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan. Bí ó bá rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kílọ́ọ̀ṣì kò ní tú sílẹ̀ tán. Jíà yóò máa pariwo bí a bá ń fi í sí ọ̀kan, a kò sì ní lè rí ojú òfo rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Bí kò bá sì rìn lófo rárá, kílọ́ọ̀ṣì yóò máa yọ̀ lórí òkè: ẹ́ńjìnnì ń ké, alùpùpù kò sì lọ. Ọ́ìlì náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Inú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì CG125 ń gbé, nítorí náà ọ́ìlì mọ́tò tí a fi èròjà ìyọ̀ sí lè mú kí ó máa yọ̀. Èyí tí a kọ JASO MA sí lára agolo rẹ̀ ni ó tọ́ sí i. Kí a wo irin tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ pẹ̀lú, bóyá eyín inú rẹ̀ ti jẹ tí ó ń yí lórí ọ̀pá rẹ̀ lásán. Bí irin náà kò bá sì padà sí ipò lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́, ó lè jẹ́ pé sípíríǹgì rẹ̀ ni ó dá. Abẹ́ ìdérí apá ọ̀tún, lẹ́yìn kílọ́ọ̀ṣì, ni ó wà, a kò sì ní láti la ẹ́ńjìnnì kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí a tú ọ́ìlì jáde nígbà tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a gbà á sínú àwo funfun. Bí a bá rí lẹ́búlẹ́bú tí ń dán bí eruku, ogbó lásán ni. Ṣùgbọ́n bí a bá rí ẹ̀rún irin tí ọwọ́ lè mú, ọ̀rọ̀ ti dé ojú rẹ̀. Kí a má ṣe gun alùpùpù náà mọ́, nítorí pé ẹ̀rún kan ṣoṣo tí ó bá há sáàrin eyín méjì lè dá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró gbọnyin lórí eré. Bákan náà ni ti jíà kan tí ń yọ nígbà gbogbo, tí ó sì jẹ́ ọ̀kan náà nígbà gbogbo, bí wáyà àti ọ́ìlì tilẹ̀ dára. Àwọn wọ̀nyí nìkan ni a rò pé ó tó ìdí láti la ẹ́ńjìnnì.

Gbígbé e sílẹ̀ kò le bí a ti rò. Kí a fọ gbogbo ara rẹ̀ kí iyanrìn má baà bọ́ sínú, kí a ti bẹntiróòlù, kí a yọ wáyà bátìrì, kí a sì tú páìpù èéfín, kabúrẹ́tọ̀, ṣéènì, wáyà kílọ́ọ̀ṣì àti àwọn wáyà iná. Kí a gbé pákó sí abẹ́ rẹ̀ kí a tó fa bóòtì ìkẹyìn yọ, kí ènìyàn méjì sì gbé e. Kì í ṣe ẹrù ẹnì kan.

Lórí tábìlì, orí ẹ́ńjìnnì ni a ó kọ́ yọ, lẹ́yìn náà sílíńdà àti písítìnì. Ní apá òsì, kẹ̀kẹ́ wíwúwo tí ń pèsè iná mànàmáná ń fẹ́ irin ìfàyọ tirẹ̀. Àwọn kan a máa fi òòlù lù ú títí yóò fi jáde, ọ̀pá ẹ́ńjìnnì a sì wọ́. Kí a yá irin náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní i. Ní apá ọ̀tún ni kílọ́ọ̀ṣì wà. Bí a bá ti yọ gbogbo ìwọ̀nyí, kí a tú àwọn bóòtì tí ó so ilé ẹ́ńjìnnì pọ̀, kí a fi òòlù onígi gbá a jẹ́jẹ́ yíká, yóò sì là sí méjì. A kò gbọdọ̀ ki sikirudiráfà bọ àárín rẹ̀, nítorí pé ojú tí a bá fi í ha yóò máa jò títí ayé.

Níbi yìí ni iṣẹ́ olùkọ́ wà. Àwọn kan nínú wa sọ pé kò yẹ kí ẹni tí ń mú ṣọ́ọ̀kì máa fi ọwọ́ kan ọ́ìlì. A kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí iṣẹ́ yìí ń bèèrè jù ni ohun tí a fi kọ́ wa: kí a wo nǹkan dáadáa, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a ya àwòrán ọ̀pá méjèèjì sórí páálí kí a tó fa ohunkóhun yọ. Wáṣà kan lè lẹ̀ mọ́ inú ilé ẹ́ńjìnnì, kí ẹni tí kò kíyè sí i sì rò pé kò sí níbẹ̀ rí. Kí a tú ọ̀pá kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí a máa fi okùn wáyà gún kẹ̀kẹ́ àti wáṣà rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń jáde, kí a sì fi karosíìnì fọ̀ wọ́n láìtú wọn kúrò lára okùn. Ẹ̀yìn ìgbà tí a bá tò ó padà ni kí a tó tú èkejì.

Kí a wá wo èékánná kọ̀ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Igun rẹ̀ gbọdọ̀ mú. Bí ó bá ti róbótó, kí a ra òun àti èkejì rẹ̀ pọ̀, nítorí tuntun kì í bá ògbólógbòó rẹ́. Ẹsẹ̀ àmúga tí ó ti fẹ́lẹ́ tàbí tí ó ti jóná dúdú kò wúlò mọ́. Kí a fi ìka yí bíárìn. Èyí tí ń há tàbí tí ń dún, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Òrùka irin tí ń di kẹ̀kẹ́ mú lórí ọ̀pá kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tuntun ni kí a lò, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní ti gásíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ ń fi páálí gé e. Èyí tí ó nípọn jù yóò mú kí ọ̀pá máa rìn síwá sẹ́yìn, nítorí náà a fẹ́ràn ojúlówó rẹ̀.

Nígbà tí a bá ń tò ó, kí a fi ọ́ìlì kun ohun gbogbo. Bí a bá ti pa ilé ẹ́ńjìnnì dé, tí a sì ti fún àwọn bóòtì rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ láti igun dé igun, kí a fi ọwọ́ yí ọ̀pá, kí a sì fi gbogbo jíà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ojú òfo pẹ̀lú. Bí ọ̀kan bá kọ̀, kí a là á padà lójú ẹsẹ̀, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ti ń ṣú.

Lẹ́yìn tí ó bá ti padà sínú férémù, kí a da ọ́ìlì tuntun sí i títí yóò fi dé ojú àmì. Kí a yọ púlọ́ọ̀gì, kí a tẹ̀ ẹ́ nígbà mélòó kan kí ọ́ìlì lè dé òkè kí iná tó dé. Kí a gùn ún lọ sí orí òkè kan tí kò ní èrò, láìgbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Gígun òkè nìkan kò tó fún ìdánwò: kí a sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú jíà kejì, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta, kí a dẹwọ́ iná pátápátá, nítorí ní ìsọ̀kalẹ̀ ni èékánná tí kò dára ti máa ń jẹ́wọ́. Bí ó bá dúró, kí a máa lò ó lọ títí yóò fi pé bí 300 kìlómítà, kí a tún tú ọ́ìlì náà sínú àwo funfun ti ìṣáájú, kí a sì wò ó.