Iṣẹ́ Tí A Ṣí Nípò àti Owó Orí Tí A Dárí Jì

Ní ibi púpọ̀ tí ìjọba ti ń san owó oṣù olùkọ́, owó orí wà lára ibi tí ó ti ń rí owó náà. Nítorí náà ó yẹ kí àwa tí a ń múra láti di olùkọ́ mọ bí owó orí ṣe ń wọlé, àti bí ó ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ ìjọba láìsí pé olè jà á. Nínú ẹ̀kọ́ yìí a ó gbé ọ̀ràn kan yẹ̀ wò, èyí nì ni ìdáríjì owó orí tí àwọn ìlú kan fi ń fa ilé iṣẹ́ mọ́ra, kí wọn lè kó iṣẹ́ wọn wá láti ibòmíràn.

1. Ohun tí ó jẹ́. Kì í ṣe pé ìjọba ń ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ṣírò owó orí tí ó jẹ, a ó gbà á láàyè láti yọ iye kan kúrò nínú gbèsè náà. Ìlú New York ní Amẹ́ríkà dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1987, kí iṣẹ́ tí ó kórajọ sí ìsàlẹ̀ Manhattan lè tàn dé àdúgbò yòókù, kí ti òde ìlú sì wọlé. Nígbà tí ó yá, iye náà dé 3,000 dọ́là lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, fún ọdún 12, bí ilé iṣẹ́ bá kó lọ sí àdúgbò tí ìlú fẹ́ mú sọjí. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ 20: 60,000 dọ́là lọ́dún kan, 720,000 dọ́là ní ọdún 12.

2. Bí ó ti rí ní Kansas City. Láti New York, ẹ jẹ́ kí a lọ sí àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ìlú ńlá kan wà níbẹ̀ tí ìpínlẹ̀ méjì pín láàrin ara wọn: Missouri ní ìlà oòrùn, Kansas ní ìwọ̀ oòrùn. Ní ibi púpọ̀, òpópónà kan ṣoṣo ni ààlà wọn. Ní 2009 Kansas gbé ètò kan kalẹ̀ tí a ń pè ní PEAK. Owó orí tí ilé iṣẹ́ ń yọ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí ì bá kó fún ìjọba, ètò yìí jẹ́ kí ó mú 95 nínú 100 rẹ̀ fún ara rẹ̀, fún ọdún mélòó kan. Missouri kò ká ọwọ́ gbera. Òun náà ní ètò tirẹ̀.

Ní 2011, AMC, tí ó ni ọ̀pọ̀ ilé sinimá, kéde pé òun yóò kúrò ní Kansas City ti Missouri lọ sí Leawood ní Kansas. Ní ọdún kan náà Applebee's, tí ó ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, kó olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Lenexa ní Kansas bọ́ sí Missouri. Nígbà tí ó di 2015, ó tún kéde pé òun ń lọ sí California! Hall Family Foundation, tí ó wà ní ìlú náà, ṣe ìṣirò, ó sì rí i pé iṣẹ́ tí ó ré ààlà kọjá ju 10,000 lọ, àti pé owó tí ìpínlẹ̀ méjèèjì yááfì ju 300 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Síbẹ̀ ìlú ńlá kan náà ni. Ṣé ẹni tí ó bu omi láti inú ìkòkò kan sí èkejì lè sọ pé òun ti pọn omi?

Ní 2011 kan náà, ọ̀gá ilé iṣẹ́ 17 kọ lẹ́tà sí gómìnà méjèèjì, wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọn jáwọ́. Àwọn tí ẹ̀bùn náà lè bọ́ sí lọ́wọ́ ni wọ́n ń sọ pé kò dára. Síbẹ̀ ó di 2019 kí Missouri tó ṣe òfin, tí Laura Kelly, gómìnà Kansas, sì fi àṣẹ tirẹ̀ tẹ̀ lé e, pé kí a má ṣe fi irú owó bẹ́ẹ̀ fa iṣẹ́ ré ààlà mọ́ ní agbègbè náà.

3. Ẹ̀kọ́ tí a rí níbẹ̀. A kò wí pé gbogbo ìdáríjì owó orí ni ó burú. Ìlú tí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ jókòó láìníṣẹ́ kò lè ṣe aláìwá iṣẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí ìlú tó dárí owó orí jì, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkíní, ǹjẹ́ iṣẹ́ tuntun ni, tàbí ti aládùúgbò ni a ń gbà? Èkejì, ǹjẹ́ ilé iṣẹ́ náà kò ní wá bí a kò bá fún un ní nǹkan? Timothy Bartik, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, gbé ọ̀pọ̀ ìwádìí yẹ̀ wò ní 2018, ó sì fi hàn pé nínú 100 ilé iṣẹ́ tí ó gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, bóyá 2 sí 25 ni ẹ̀bùn náà yí lọ́kàn padà. Àwọn yòókù ì bá ti ṣe ohun kan náà láìgbà á. Ẹ̀kẹta, ta ni yóò dí àlàfo náà? Owó tí a kò gbà lọ́wọ́ ẹnìkan, a ó gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tàbí kí ohun kan ṣe aláìní: ọ̀nà, ilé ìwòsàn, tàbí yàrá ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí a bá dúró níwájú àwọn ọmọ láti kọ́ wọn ní ìṣirò, ẹ má ṣe jẹ́ kí a kọ́ wọn ní àròpọ̀ nìkan. Ẹni tí ó ka iye iṣẹ́ tí ó wọ ìlú, tí kò ka iye owó tí ó jáde, kò tí ì parí ìṣirò rẹ̀.