Férémù Ló Ń Fọ́ Dígí Rẹ, Àkànní

Àkànní ọkọ mi, jókòó kí n bá ọ wí. Dígí fèrèsé yàrá rẹ tún sán, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lo sì ń lé kiri. Òótọ́ ni, bọ́ọ̀lù a máa fọ́ dígí, máńgòrò tó já bọ́ náà a máa fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wo ojú sísán yẹn dáadáa. Kò sí ibi kankan tí nǹkan ti bà á. Igun férémù ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

O tún ní ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Onigbolo ló mì ín. Kí ló dé tí ti aládùúgbò rẹ kò sán? Ta ló ní kí ẹ gé dígí kó fún gbagba mọ́ férémù? Bí oòrùn bá pa alúmíníọ̀mù, ó ń fẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti dígí lọ. Bí òtútù ọyẹ́ bá mú un lóru, á tún súnkì jù ú lọ, á sì há dígí mọ́. Férémù igi ń wú lójò. Irin tó dípẹtà náà ń wú. Ìṣó kan ṣoṣo tó yọrí nínú férémù ti tó láti mú kí dígí sán. Àyè mílímítà 2 tàbí 3 ló yẹ kó yí dígí ká, ọmọ mi.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni ilé tí o ń kọ́ sórí ilẹ̀ dúdú lọ́nà Ọ̀họ̀rí. Ilẹ̀ yẹn ń wú lójò, ó ń lanu lẹ́ẹ̀rùn, ògiri a sì máa bá a rìn. Bí kò bá sí líǹtẹ́ẹ̀lì tó dúró ire, orí fèrèsé ni ẹrù ògiri máa sọ̀kalẹ̀ sí. Nákò, fèrèsé onídígí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ni kí o fi síbẹ̀. Bí ẹyọ dígí kan bá fọ́, ẹyọ yẹn nìkan lo máa pààrọ̀.

Pe oní-dígí láti Ikpinlè, ṣùgbọ́n má kàn ní kó fi òmíràn sí i. Kó yọ pọ́tì àtijọ́ tó di dígí mú, kó ha ìpẹtà kúrò, kó kun irin lọ́dà, kó sì wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ojú lásán kì í rí férémù tó wọ́. Bó bá ń gé dígí, ẹ̀ẹ̀kan ni kó fa irin ìgé lé e. Àfàtúnfà ló ń ba etí rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí alùpùpù zémidjan, ẹ gbé e ní òòró. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Àkúfọ́ ńkọ́? Mo rí i lẹ́yìn ilé, lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà lọ ṣa ẹyìn! Ṣé ẹsẹ̀ wọn kò ṣe ọ́ láàánú ni? Wé e sínú ìwé, kó o sínú àpò sìmẹ́ńtì, kí o rì í mọ́lẹ̀ kó jìn dáadáa.

Owó rẹ ló ń dùn mí, Àkànní. Lọ́tẹ̀ yìí, férémù ni kí o kọ́kọ́ náwó lé. Dígí yóò pẹ́ nínú rẹ̀.