Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Gé E

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọmọkùnrin kan ní ìṣojú mi nítorí pé ó ba bárẹ̀lì jẹ́.

Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ kò mọ̀ pé ó bà á jẹ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé kílárínẹ́ẹ̀tì inú ẹgbẹ́ akọrin wọn ti ń fláàtì láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti pé ọmọ náà, tó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fèrè, gbé bárẹ̀lì rẹ̀, apá kúkúrú tó tẹ̀lé ẹnu-fèrè, lọ sọ́dọ̀ oní-lathe kan lẹ́yìn òpópónà Oba Akran, ó ní kó gé mìlímítà 3 kúrò lára rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ sí láti kùtùkùtù, fèrè bá kíbọ́ọ̀dù mu rẹ́gí. Alàgbà kan dìde, ó ní irú ọmọ tó ní làákàyè báyìí ni ìjọ ń fẹ́. Àtẹ́wọ́ sọ. Èmi náà jókòó síbẹ̀, mo káwọ́ lẹ́rán.

Ilé iṣẹ́ ni ilé ìjọsìn yẹn tẹ́lẹ̀, bíi púpọ̀ nínú wọn láti Ìkẹjà dé Agége. Páànù ni òrùlé rẹ̀ láti igun dé igun. Nígbà tó fi di aago mọ́kànlá, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ kò sì lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Oòrùn mú páànù, èèyàn kún inú ilé, òógùn bò wá. Ẹ sì mọ̀ pé ohùn a máa yára nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná ju nínú títutù lọ, ìyẹn ló ń gbé ohùn fèrè sókè. Kíbọ́ọ̀dù ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé ooru ń mú. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Afọnfèrè fa bárẹ̀lì jáde, ó tún fà á, ó kù díẹ̀ kó bọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ wọn kò bára mu. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó ti rẹ afọnfèrè ni.

Ìdí tí mo fi mú bírò nìyí.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tún fèrè ṣe, n kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń lẹ kọ́ọ̀kì tàbí bí a ṣe ń yẹ páàdì wò bóyá ó ń jò. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ̀ pé bárẹ̀lì mìlímítà 66 ló wọ́pọ̀ lórí kílárínẹ́ẹ̀tì B flat, pé 65 àti 64 wà, pé 67 náà wà fún ẹni tó bá wá a. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ, òun náà ni ọ̀pọ̀ yín ń fò: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan bárẹ̀lì.

Kí ni kí ẹ kọ? Ẹ ní kí ẹni tó ni fèrè fọn ọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí igi yóò fi gbóná lọ́wọ́. Kó fọn ọ́n nínú ilé tó ti máa ń lò ó, ní irú wákàtí tó máa ń lò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé túnà sílẹ̀ níbi tí ojú rẹ̀ kò ti ní rí i, kó má baà máa fi ètè tún ohùn ṣe fún yín. Kó bẹ̀rẹ̀ láti E ìsàlẹ̀ pátápátá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, dé B flat ọ̀fun, kó tún fi kọ́kọ́rọ́ àtàǹpàkò gòkè. Ẹ kọ iye sẹ́ǹtì tí ohùn kọ̀ọ̀kan fi ga tàbí tó fi rẹlẹ̀ sí ìlà tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó pààrọ̀ bárẹ̀lì. Ẹ tún fọn ọ́n, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí ẹ kò bá ní ìwé yẹn, tẹ́tẹ́ ni ẹ ń ta, owó oníbàárà lẹ sì fi ń ta á.

Ká ní ọmọ yẹn kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìgbà méjì, nínú òtútù àárọ̀ àti nínú ooru ọ̀sán, ìwé ìbá ti sọ fún un pé fèrè náà kò ní àrùn kankan. Òtútù ló ń mú un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mìlímítà 3 ń ṣe, nítorí mo gbọ́ tí ẹnìkan sọ pé "ṣebí gbogbo rẹ̀ náà ló máa gòkè pọ̀." Irọ́ ni. Nígbà tí ẹ bá fọn E ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń dún nínú fèrè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 59. Nígbà tí ẹ bá fọn G ọ̀fun, kò ju bíi 25 lọ. Ẹni tó ní náírà 59, bí o bá mú náírà kan nínú rẹ̀, ó lè má fura. Ẹni tó ní 25 yóò pariwo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni: mìlímítà kan tí a gé lára bárẹ̀lì ń gbé E ìsàlẹ̀ sókè ní bíi sẹ́ǹtì 3, ó sì ń gbé G ọ̀fun sókè ní bíi 7. Ẹ fi mẹ́ta sọ ọ́ di púpọ̀: 9 sí ìsàlẹ̀, 21 sí ọ̀fun. Nínú sẹ́ǹtì 100 tó wà láàárín ohùn kan àti èyí tó tẹ̀lé e, 21 kì í ṣe kékeré. Àwọn ohùn inú fèrè tí wọ́n ti ń gbé pọ̀ bí ọmọ ìyá ti di àjèjì síra wọn.

Bí afọnfèrè bá sì ní òun máa fà á jáde kó lè padà sílẹ̀, àlàfo tó ṣí níbi tí bárẹ̀lì ti wọ apá òkè fẹ̀ ju ihò fèrè fúnra rẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ tààrà yóò já sínú kòtò kó tó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. A ní òrùka tín-ín-rín tí a ń fi dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bárẹ̀lì tó gùn dáadáa kì í wá a. Ní ilẹ̀ olóoru tiwa yìí, èwo ni ká máa sáré wá kúkúrú? Bárẹ̀lì gígùn ṣeé gé. Kúkúrú kò ṣeé fà.

Èmi náà ti dá irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí rí. Ọ̀gá mi ti ṣiṣẹ́ nínú bándì ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì, ahéré páànù kan ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Agége ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Bí rélùwéè bá ń kọjá, a máa dá iṣẹ́ dúró títí ilẹ̀ yóò fi yé gbọ̀n, nítorí kò sẹ́ni tó lè gbọ́ sẹ́ǹtì 3 nínú ariwo ọkọ̀ ojú irin. Ìwé ọmọ iléèwé ló fi ń ṣe ìwé fèrè, oníbàárà kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ewé tirẹ̀. Bí a bá gbé iṣẹ́ fún un, kì í wo iṣẹ́ náà. Ọwọ́ ló máa nà. Ìwé ló ń bèèrè.

Ní ọdún kejì mi lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan gbé Boosey & Hawkes 1010 wá, kílárínẹ́ẹ̀tì Òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù ayé àtijọ́. Ẹnìkan ti fi bárẹ̀lì Faransé kan ta á lọ́rẹ, tuntun, tó ń dán bí bàtà àlùfáà. Ọ̀gá mi kò sí nílé. Mo fá kọ́ọ̀kì díẹ̀, mo fi í sí i. Ọkùnrin náà fọn ún, ó ní ohùn rẹ̀ ti dùn sí i, ó san owó, ó lọ. Inú mi dùn títí di ìrọ̀lẹ́ tí ọ̀gá mi dé, tó na ọwọ́.

N kò ní ìwé.

Kò nà mí, kò sì bú mi. Ó ní kí n mú owó náà, kí n fẹsẹ̀ rìn dé Ìkẹjà, kí n dá a padà fún ẹni tó ni ín, kí n sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n gbé fèrè rẹ̀ padà wá. Mo rìn ín. Lọ́jọ́ kejì ó fún mi ní kálípà. Ihò 1010 lé ní mìlímítà 15. Ẹnu ìsàlẹ̀ bárẹ̀lì Faransé yẹn kò ju 14.6 lọ. Ó ní kí n fi ọmọ-ìka wọ inú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé. Ìka mi kọ lu nǹkan bí ẹnu ọ̀nà tó ga ju ilẹ̀ lọ. "Ibi tí ìka rẹ ti kọ," ó ní, "ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà ti ń kọ." Nígbà tí a wá kọ ohùn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjì, a rí i pé ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè tí wọ́n jọ ń lo ìka kan náà ti kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Ọkùnrin náà kò gbọ́ ọ torí pé ojú rẹ̀ wà lára dídán.

Ọ̀rọ̀ ohùn dídùn nìyẹn. Ohun tuntun máa ń dùn létí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá bárẹ̀lì kan sàn ju èkejì lọ, ẹ jẹ́ kí afọnfèrè dijú, kí ẹlòmíràn máa bá a pààrọ̀ rẹ̀, kó má mọ èyí tó wà níbẹ̀. Ní 1971, ará Amẹ́ríkà kan, John Coltman, gbé fèrè fúlúùtù mẹ́ta tí inú wọn rí bákan náà kalẹ̀, fàdákà, bàbà àti igi. Àwọn tó fọn wọ́n àti àwọn tó gbọ́ wọn kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Èmi fẹ́ràn igi dúdú tó ń ti Tanzania àti Mozambique wá, n kò sì ní fi ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n n kò ní gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀. Bí inú bárẹ̀lì ṣe rí ni kí ẹ wọ̀n. Nígbà tí Hans Moennig ní Philadelphia ń ṣe bárẹ̀lì tó fẹ̀ lókè tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, èyí tí wọ́n ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ tà, inú ihò ló ti ṣiṣẹ́ náà.

Ẹ rántí ọyẹ́ pẹ̀lú. Bárẹ̀lì ló kọ́kọ́ ń gba èémí àti omi ẹnu lẹ́yìn ẹnu-fèrè, òun ló kọ́kọ́ ń wú, òun ló kọ́kọ́ ń súnkì. Bí òrùka irin rẹ̀ bá ti ń yí lọ́wọ́ yín nínú oṣù January, igi ti gbẹ, kò sì jìnnà sí kó là. Ihò bárẹ̀lì tó ti jẹ ọyẹ́ ogún ọdún kò rí bó ṣe rí nígbà tí wọ́n ṣe é mọ́, nítorí náà ẹ má ka nọ́ńbà ara rẹ̀ kí ẹ sì gbà á gbọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n. Fún àwọn tó ń fọn fèrè nínú oòrùn pápá ìwọ́de, bárẹ̀lì oníke kì í ṣe ìtìjú.

Ọ̀gá mi ti lọ, ahéré ojú irin náà ti wó. Oní-lathe tó gé bárẹ̀lì yẹn kò jẹ̀bi. Ẹni tí a bá ní kó gé, gígé ló máa gé.

Ọmọ náà wá bá mi ní Ọjọ́rú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní wọ́n sọ pé inú ń bí mi. Mo ní kó jókòó. Mo yá a ní bárẹ̀lì oníke mìlímítà 66, mo fún un ní ìwé ọmọ iléèwé kan àti pẹ́ńsù. Ó fọn fèrè náà títí ó fi gbóná, ó kọ ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fi tirẹ̀ tó gé sí i, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tó dé ìlà G ọ̀fun, ó wo nọ́ńbà méjèèjì pẹ́.

"Bàbá, ṣé a lè fi nǹkan lé e padà?"

Mo ní rárá. Mo ní kó kọ A.