Ẹ̀kọ́ Lórí Dùùrù Onífèrè: Bí A Ti Ń Tún Ti Àtijọ́ Ṣe, Tí A Sì Ń Fi Mànàmáná Sí I

Kò tọ́ kí a sọ ohun tí ó ti pẹ́ nù kí a tó mọ ibi tí ó ti bàjẹ́. Dùùrù tí kò fọhùn mọ́ lè ní fèrè tí ó dá ṣáṣá, kí ó jẹ́ pé awọ tí ó ya nìkan ni àìsàn rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó ń mú dùùrù onífèrè fọhùn. Èkíní ni ẹwìrì, tí ń kó afẹ́fẹ́ jọ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Èkejì ni àpótí tí fèrè dúró lé lórí. Ìdérí kéékèèké ni ó sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn fèrè fúnra wọn, ti igi, tàbí ti òjé àti tíìnì tí a yọ́ pọ̀.

Ní àtijọ́, ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti wáyà ni ó so pátákó tí ìka ń tẹ̀ mọ́ ìdérí wọ̀nyí. Bí dùùrù bá tóbi, títẹ̀ rẹ̀ a máa wúwo, ọwọ́ a sì máa ro atẹdùùrù. Charles Barker, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ fi ń ran ìka lọ́wọ́. Cavaillé-Coll sì lò ó nínú dùùrù ńlá Saint-Denis lẹ́bàá Paris ní ọdún 1841.

Lẹ́yìn ọdún 1880, Robert Hope-Jones, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti tẹlifóònù, fi mànàmáná sí dùùrù ìjọ St. John ní Birkenhead, ní òdìkejì odò sí Liverpool. Bí ìka bá tẹ pátákó, irin méjì a fi ara kan ara, mànàmáná a gba inú wáyà lọ sí irin mìíràn tí a fi wáyà wé. Irin yìí a di òòfà lójú kan náà, a sì ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀ atẹdùùrù lè jókòó jìnnà sí fèrè rẹ̀.

Ẹ kíyèsí i pé mànàmáná kò kọrin. Ìránṣẹ́ ni; afẹ́fẹ́ àti fèrè ni akọrin. Nítorí náà, kí ìjọ tí ń tún dùùrù ṣe tẹ̀lé ìlànà yìí:

1. Kí a kọ́kọ́ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò, kí a sì pààrọ̀ awọ tí ó ti gbó. Wáyà titun kò lè wo ẹwìrì tí ó ya sàn.

2. Kí a kọ nọ́mbà sí ipò fèrè kọ̀ọ̀kan kí a tó yọ wọ́n. Òjé rọ̀, má ṣe fi fèrè ti ògiri, kí ó má baà tẹ̀.

3. Kí a yọ wáyà àtijọ́ tí a fi òwú wé, nítorí ó lè dá iná sílẹ̀. Mànàmáná tí ń ṣí ìdérí kò lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ń yí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lè pa ènìyàn; ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà nìkan ni kí ó fọwọ́ kàn án.

4. Kí a tún ohùn ṣe nígbà tí inú ilé bá gbóná tó bí ti àkókò ìsìn, nítorí ooru a máa gbé ohùn fèrè sókè.

Bí ọ̀pá igi àtijọ́ bá sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀. Àtúnṣe tí ó dára jù lọ ni èyí tí ó wo ibi tí ń dunni sàn, tí kò sì kan ibi tí ara ti dá.