Jẹ Kí O sì Ṣẹ́kù: Ẹ̀kọ́ Lórí Bí A Ṣe Lè Fi Ohun Kékeré Bọ́ Lọ́wọ́ Gbèsè

Bíbélì kíkà: Àwọn Ọba Kejì 4:1–7
Fún àfikún: Òwe 22:7, Lúùkù 14:28–30, Róòmù 13:8
Kókó ẹ̀kọ́: Díẹ̀díẹ̀ ni gbèsè ń wọlé; díẹ̀díẹ̀ náà ni a fi ń lé e jáde.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, kò sí ìyá kan tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé ọjà gbówó lórí. Ẹ̀kọ́ yìí kò wá láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò ni bí obìnrin tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ gbèsè, kí ó má sì padà síbẹ̀ mọ́.

1. Opó tí wọ́n fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ lọ

Opó inú Bíbélì kíkà wa kì í ṣe ìyàwó ẹni burúkú. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run, síbẹ̀ ó kú, ó sì fi gbèsè sílẹ̀. Olówó wá dé láti kó ọmọkùnrin méjèèjì lọ ṣe ẹrú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹni tó bá yá owó a máa fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé owó náà; kò dín owó tí a yá kù rárá. Bí owó kò bá tíì pé, ìwọ̀fà kò lè lọ. Olówó mìíràn a sì máa rán ènìyàn lọ dógò ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀. Àwọn oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń tà láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, gba orúkọ Òṣómàáló nítorí pé wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde títí wọn yóò fi gba owó wọn.

Ìwọ̀fà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè kò yí ìwà padà. Ẹni tó yá ₦50,000, tó ń san èlé ₦5,000 lóṣooṣù, yóò ti san ₦60,000 lọ́dún kan, yóò sì tún jẹ ₦50,000 síbẹ̀. Kí ni a ó pe èyí bí kò ṣe ìwọ̀fà? Àwọn kan tó ń yáni lówó lórí fóònù a máa ránṣẹ́ ẹ̀sín sí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fóònù onígbèsè. Dógò ni èyí náà. Ọmọ tí a yọ kúrò nílé ẹ̀kọ́ kí ó lè kiri ọjà nítorí owó tí ìyá rẹ̀ jẹ, ó ń sin owó tí kò yá. Arábìnrin tó ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́jà, tí kò sì wá sí ìpàdé mọ́ nítorí pé ẹni tó yá a lówó wà níbẹ̀, gbèsè ti gba ìdàpọ̀ àwọn ará mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ wá wo ohun tí Èlíṣà ṣe. Ó bèèrè ohun tó kù nínú ilé. Òróró díẹ̀ péré ni. Ohun kan ṣoṣo tí ó ní kí opó náà lọ yá ni ohun èlò òfìfo. Kò ní kí ó yá owó mìíràn. Nígbà tí òróró sì pọ̀, ètò tí ó là sílẹ̀ fún un ni pé kí ó tà, kí ó san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa jẹ ìyókù. Gbèsè ṣáájú, oúnjẹ tẹ̀lé e.

2. Owó ńlá nìkan kì í san gbèsè

Ìlú kòkó ni Ìdànrè wa. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kìíní ni kòkó máa ń pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, láàrin oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ọwọ́ a máa há. Ìgbà yẹn ni a ń ra ìrẹsì láwìn, ìgbà yẹn ni a ń ra aṣọ láwìn, owó ilé ẹ̀kọ́ sì ń bọ̀ lóṣù kẹsàn-án. Àwọn mìíràn a lọ gba owó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ra kòkó, wọn yóò sì fi kòkó san án ní iye tó kéré sí ti ọjà. Nígbà tí ìkórè bá dé, owó náà ti ní olówó kí ó tó dọ́wọ́ ẹni tó ni oko. Bí ó bá fi di òjò tó ń bọ̀, a tún bẹ̀rẹ̀.

A máa ń wí pé, “Bí kòkó bá lè gbówó lórí lọ́dún yìí, gbèsè tán.” Ó gbówó lórí. Lọ́dún 2024, iye tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé kọjá dọ́là 10,000, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 7,000. Ẹni tí ìnáwó rẹ̀ bá owó kòkó gòkè, ìnáwó kò bá owó náà sọ̀kalẹ̀.

John Wesley, bàbá ìjọ wa, fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ó kọ nípa ẹnì kan láàrin àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó jọ wà ní Oxford, òun fúnra rẹ̀ ni a sì gbà pé ó ń sọ. Ẹni náà ń gba pọ́n-ún 30 lọ́dún. Ó ná 28, ó fi 2 tọrẹ. Lọ́dún kejì ó gba 60. Ó tún ná 28, ó fi 32 tọrẹ. Lọ́dún kẹta ó gba 90; 28 náà ni ó ná, ó fi 62 tọrẹ. Owó tó ń wọlé yí padà, ìnáwó rẹ̀ kò yí. Àwọn àgbà wa náà sì sọ ọ́: Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

3. Ohun kékeré tí a lè ṣe nínú ilé

(a) Iná. Ẹ jẹ́ kí a rẹ ẹ̀wà sómi kí a tó gbé e kaná, kí a sì dé ìkòkò. Bí oúnjẹ bá jinná, ẹ jẹ́ kí a fa igi yọ, kí a bu omi pa á. Èédú rẹ̀ yóò wúlò lọ́la. Ẹ̀ka tí a gé lára igi kòkó, kí a má fi ṣòfò lóko.

(b) Ọjà. Agolo ni ó ń jẹ owó tálákà. Bí ìyá mẹ́rin tàbí márùn-ún bá da owó pọ̀ ra àpò ẹ̀wà tàbí ìrẹsì kan, tí wọ́n sì fi kóńgò pín in, owó tí olúkúlùkù san yóò dín. Epo pupa máa ń pọ̀ láti nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún; ìgbà náà ni kí a ra ti ìgbà ọ̀wọ́n sílẹ̀. Ata àti ilá tí a bá sá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò gbà wá lójò. Ẹ sì jẹ́ kí a kọ ohun tí a fẹ́ rà sílẹ̀ kí a tó kúrò nílé.

(d) Ẹ̀yìnkùlé. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro àti ata wẹẹrẹ kò nílò ilẹ̀ púpọ̀. Ìyá tó ń já ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé kò ní mú owó ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà.

(e) Èèpo kòkó. Bí a bá sá a gbẹ, tí a sun ún, eérú rẹ̀ ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Èyí tó bá ń jẹrà lóko kò ṣe wá láǹfààní. Ó tilẹ̀ lè gbé àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú pamọ́.

(ẹ) Aṣọ. Kì í ṣe gbogbo aṣọ ẹbí ni ó di dandan kí a rà. A lè lọ bá olóde yọ̀ nínú aṣọ tí a ní, kí a sì mú ẹ̀bùn kékeré dání. Ẹgbẹ́ wa pàápàá lè ràn wá lọ́wọ́: bí aṣọ ẹgbẹ́ bá ṣì dára, kí a má tíì dá òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí gbogbo èyí bá dá ₦300 péré padà lójúmọ́, ₦9,000 ni lọ́gbọ̀n ọjọ́. Lọ́dún kan, ó lé ní ₦100,000. Ṣùgbọ́n bí a kò bá yà á sọ́tọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, sínú kólò tàbí sọ́wọ́ alájọ, a ó ná an láìmọ̀.

A kò wí pé kí a fi ebi pa ọmọ, tàbí kí a sọ àwọn oògùn tí dókítà kọ fún wa di ohun tí a ń yẹ̀ sílẹ̀. A kò sì wí pé kí a ya ahun. Ẹni tó ń ṣẹ́kù ni ó ní ohun tí yóò fún ẹlòmíràn.

4. Bí a ṣe lè san gbèsè

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: orúkọ, iye, èlé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kí ó pe ọmọ rẹ̀. Gbèsè tí a kò kà ni ó ń dẹ́rù bani jù.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a lọ bá olówó kí ó tó wá bá wa. Kí a mú díẹ̀ lọ, kí a sì dá ọjọ́ tí a lè pa mọ́. Ẹni tó jẹ gbèsè tí kò san, ó dígi dínà owó.

Ẹ̀kẹta, kí àwìn tuntun dúró. A kò lè máa gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tó ń jò láìdí ihò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe yá owó san owó.

Ẹ̀kẹrin, èyí tó ní èlé ni kí a kọ́kọ́ san. Bí ọ̀kan bá tán, owó tí a ń san lórí rẹ̀ kí ó bọ́ sórí ìkejì.

Ẹ̀karùn-ún, bí ó bá ti ṣeé ṣe, kí ọkọ àti aya jọ mọ̀ nípa rẹ̀. Gbèsè ìkọ̀kọ̀ a máa tú ilé ká.

5. Àjọ, èsúsú àti alájẹṣẹ́kù

Nínú àjọ ojoojúmọ́, owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni alájọ máa ń mú fún iṣẹ́ rẹ̀. Kí a rí i pé ẹni tí a mọ ilé rẹ̀ ni, kí káàdì wa sì máa wà lọ́wọ́ wa. Nínú èsúsú, ẹni tó kọ́kọ́ kó owó ti yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kó o gbẹ̀yìn ni ó tọ́jú owó pamọ́. Ẹni tí gbèsè elélèé ń dà láàmú lè bẹ̀bẹ̀ láti kó o ṣáájú, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe já ẹgbẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́dún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jáde ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Alájẹṣẹ́kù ni àwọn ènìyàn wa ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Kò sọ pé kí a má jẹ. Ó ní bí a bá jẹ, kí a ṣẹ́kù.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ohun tó wà nínú ilé wa tí a kò kà sí ohun ìní?
2. Oṣù wo ni àwìn máa ń bẹ̀rẹ̀ nílé wa, kí ni a sì lè tọ́jú sílẹ̀ dè é?
3. Báwo ni ẹgbẹ́ wa ṣe lè gba arábìnrin tí gbèsè lé kúrò nínú ìpàdé padà láìdójú tì í?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kí olúkúlùkù yan ìwà kan péré nínú èyí tí a kà sókè, kí ó ṣe é fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí ó sì wá sọ iye tó ṣẹ́kù ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Àtẹ̀gùn tó gun Òkè Ìdànrè lé ní 600. Ọmọdé ń gùn ún, arúgbó ń gùn ún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fò ó. Kí Olúwa fún wa ní sùúrù láti gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àmín.