Ẹ̀tọ́ Ni, Kì í Ṣe Ọrẹ Àánú

Bíbélì kíkà: Léfítíkù 19:14
Èrò ẹ̀kọ́: Kí a mọ ohun tí òfin ilẹ̀ wa sọ nípa àwọn tí ó ní ìpèníjà ara, kí a sì mọ ipa tí ó kàn wá.



Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí kì í pẹ́ dé ìpàdé rí. Lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, a kò rí i mọ́. A gbé oúnjẹ lọ, a gbàdúrà, a sì dá owó fún un. Ní ọjọ́ kan ó wí fún wa pé, “Ẹ ṣé o, ẹ kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n yàrá òkè ni ẹ ti ń ṣe ìpàdé. Ta ni yóò gbé mi gun àtẹ̀gùn?” Ojú tì wá. Oṣù mẹ́fà ni a fi ń ṣàánú ẹni tí àwa fúnra wa tì síta.

Òfin náà

Ní oṣù Kínní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka dídẹ́yẹ sí àwọn tí ó ní ìpèníjà ara léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú, ní ọdún 2011. Díẹ̀ nínú ohun tí òfin àpapọ̀ náà wí nìyí:

1. Ẹnikẹ́ni tàbí iléeṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ dẹ́yẹ sí ènìyàn nítorí ìpèníjà ara. Ìtanràn rẹ̀ fún ẹnì kan ni ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ti iléeṣẹ́ ni ₦1,000,000.

2. Ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò gbọdọ̀ ní ọ̀nà tí ẹni tí ó wà lórí àga onítáyà lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún ni a fún àwọn ilé tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ láti ṣe àtúnṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Kínní ọdún 2024.

3. Ọmọ tí ó ní ìpèníjà ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama.

4. Níbi tí ènìyàn bá ti tò, àwọn ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn.

5. Nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kí márùn-ún ó kéré tán jẹ́ ara wọn, níwọ̀n bí ó bá ti lè ṣeé ṣe.

6. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe agbe. Ẹni tí ó bá ń mú afọ́jú tàbí arọ kiri láti fi gba owó lọ́wọ́ ènìyàn ti rú òfin.

Ibo ni wíwọ́ náà wà?

Àwọn àgbà ní, wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́. Ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Òfin yìí kọ́ wa láti wo ìsàlẹ̀. Nígbà tí ìyá wa kò wá mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a ń wò. A kò wo àtẹ̀gùn.

Ẹsẹ Bíbélì tí a kà náà rí bẹ́ẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ nípa ọrẹ tí a ó fún adití tàbí afọ́jú. Ọ̀rọ̀ èébú tí a ń sọ ni ó kà léèwọ̀, àti ohun ìkọ̀sẹ̀ tí a gbé sí ojú ọ̀nà. Àánú dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fúnni lè dáwọ́ dúró nígbà tí ó bá wù ú. Ẹ̀tọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó ni ín lè béèrè rẹ̀ láìtẹríba fún ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, òfin kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá kọ ọmọ kan nítorí pé kò gbọ́ràn, ìyá rẹ̀ lè rò pé ojúure ni òun ń wá, kí ó sì mú ọmọ náà padà sílé. Bí ẹnì kan nínú wa bá bá a lọ, tí ó sì mọ òfin, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀. Òfin náà dá àjọ kan sílẹ̀ fún àwọn tí ó ní ìpèníjà ara, tí a lè fi ẹjọ́ sùn. Ẹni tí a ṣẹ̀ sì lè gba ilé ẹjọ́ lọ fúnra rẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, a gbé ìpàdé sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ tí ìyá wa padà dé, ìwé owó oṣù ni ó kọ́kọ́ béèrè. Ó ní òun fẹ́ san ti oṣù mẹ́fà tí òun jẹ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ta ni kì í wá sí ìpàdé wa mọ́? Ṣé a ti béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?
2. Láti ojú títì dé ibi tí a jókòó sí yìí, kí ni ó lè dí ẹni tí kò ríran tàbí tí kò lè rìn lọ́wọ́?
3. Orúkọ wo ni a fi ń pe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ilé wa, tí àwọn ọmọ wa ń gbọ́?